Ẹ yé fi ẹsẹ̀ wọn afẹ́fẹ́ táyà, owó yín ló ń jò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Wọ́n á ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá ti rọ̀, wọ́n á ní ó ti tó, ó di títì. Onípákó tó ń kó ẹrù kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń ṣe é, onítakisí tó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ń ṣe é, àwọn tó ń kó ẹja jáde láti Ogun Waterside náà ò gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dín kù gan-an lè máa dán lójú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Bí fọkanáísà bá ní, "Mélòó ni kí n fún un?", èsì dẹ́rẹ́bà ni, "Ṣáà fún un dáadáa." Ẹni tó rò pé òun gbọ́n á bẹ̀rẹ̀, á ka 44 tàbí 51 lára táyà, á ní kí wọ́n gbé e débẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kọ́. Ibi tí táyà náà kò gbọ́dọ̀ kọjá nìyẹn ń sọ. Èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ yín wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, láàárín 30 sí 35 ló sì máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Bó bá ti ṣí kúrò lára tòkunbọ̀ yín, ẹ wá a nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ẹ wò ó dáadáa o, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní nọ́ńbà mìíràn tó ga jù bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí ẹrù bá kún un, pàápàá fún táyà ẹ̀yìn.

Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Táyà tó ti sáré máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ràn, géèjì á sì gbé e sókè. Dẹ́rẹ́bà tó gbé ẹja láti Abigi dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án gangan á rí 38, á ní kí wọ́n jò ó sí 32 kó má baà bẹ́. Ohun tó ń sá fún gan-an ló ń fà wá. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, tí táyà ti tutù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà á máa wólẹ̀ lábẹ́ ẹrù, ooru á mú un, ìyẹn ló sì ń bẹ́ lójú títì.

Ti owó náà ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, láti ìgbà náà ni jálá epo kan ti kúrò ní ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Ìṣirò àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ni pé bí afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi ẹyọ kan dín, epo tí ọkọ̀ ń jẹ á fi bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún lé sí i. Bó bá fi mẹ́wàá dín, nínú epo 50,000 náírà, bíi 1,000 náírà ti ṣòfò nìyẹn, a ò tíì ka táyà tó jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì dára.

Ẹ ra géèjì tiyín, nítorí ti fọkanáísà tó ti ń já bọ́ sílẹ̀ látàárọ̀ lè máa purọ́. Kí ẹ sì máa rántí sípẹ́à tó wà nínú búùtù, ìyẹn ni wọn kì í wọ̀n rárá.