Ìbejì Nínú Oyún: Ṣé Láti Ojú Ara Ni Àbí Iṣẹ́ Abẹ?

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó fi ìlú Kàdúná ṣe ibùgbé, ìròyìn pé ìbejì ni aboyún gbé sínú jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ ní àgbáyé. Ṣùgbọ́n bí oyún náà ṣe ń gbó sí i, ìbéèrè kan a máa dojú kọ tọkọtaya: ṣé kí ìyá rọbí, kí ó sì bí àwọn ọmọ láti ojú ara ni, àbí kí dókítà fi iṣẹ́ abẹ gbé wọn jáde?

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣàlàyé pé kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tó bá gbogbo aboyún mu. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò: irú ìbejì tó wà nínú, bí àwọn ọmọ náà ṣe dùbúlẹ̀, àti ilé ìwòsàn tí ìbímọ náà yóò ti wáyé.

Èkínní, àyẹ̀wò ayàwòrán inú tí wọ́n bá ṣe kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14 ló máa ń fi irú ìbejì náà hàn kedere. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní ibi àti àpò omi tirẹ̀, tí kò sì sí ìṣòro mìíràn, ọ̀sẹ̀ 37 sí 38 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ìbímọ wáyé. Ti àwọn tó jọ ń lo ibi kan ṣoṣo kì í sábà kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ti ara ọ̀kan ṣàn sí èkejì. Àwọn tó jọ wà nínú àpò omi kan náà ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gbé irú wọn jáde, láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, kí ìwọ́ wọn má baà lọ́ mọ́ra.

Èkejì, ipò ọmọ tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn Táyéwò, ló ṣe kókó jù lọ. Bí orí rẹ̀ bá dojú kọ ẹnu ilé-ọmọ, ìyá lè gbìyànjú láti bí láti ojú ara, kódà bí Kẹ́hìndé bá dábùú. Dókítà tó mọṣẹ́ lè yí Kẹ́hìndé padà, tàbí kí ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ó sì fà á jáde bí Ìgè. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Táyéwò ló fi ìdí jókòó tàbí tó dábùú, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà yóò dámọ̀ràn.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013 tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bí aboyún 2,800 láti orílẹ̀-èdè 25 ló kópa nínú rẹ̀, tí orí ọmọ àkọ́kọ́ wọn sì wà nísàlẹ̀. Ikú tàbí ìpalára ńlá bá ọmọ 2.2 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti pinnu iṣẹ́ abẹ fún, ó sì bá 1.9 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n rọbí. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Síbẹ̀, nǹkan bí 44 nínú 100 àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n rọbí ló padà ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn mìíràn lẹ́yìn tí ọmọ àkọ́kọ́ ti wáyé.

Ibí yìí ni ohun kẹta ti ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn tí Táyéwò bá jáde, ìwọ́ Kẹ́hìndé lè yọ ṣáájú rẹ̀, ibi sì lè já kúrò lára ilé-ọmọ láìtọ́jọ́. Lẹ́yìn ìbímọ, ilé-ọmọ tó ti fẹ̀ jù lè kọ̀ láti sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ya. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá wà ní Kàdúná, bíi ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Barau Dikko àti St. Gerard ní Kakuri. Ohun tó yẹ kí ìdílé béèrè ṣáájú ni bóyá dókítà abiyamọ, akunnilóorun, ẹ̀jẹ̀ àti yàrá iṣẹ́ abẹ wà ní àrọ́wọ́tó tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń gbé ní Sabon Tasha gbọ́dọ̀ kọjá odò Kàdúná kí ó tó dé Barau Dikko; kò yẹ kí ó di òru, nígbà tí Táyéwò ti wáyé sílé tí Kẹ́hìndé ṣì wà nínú, kí wọ́n tó máa wá ọkọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀. Ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, ara ìyá a sì máa pẹ́ kí ó tó mókun. Nínú oyún mìíràn, ibi lè lẹ̀ mọ́ ojú àpá náà, tàbí kí àpá náà ya nígbà ìrọbí. Nítorí náà, ìyá tó ṣì ń retí Ìdòwú àti Àlàbá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó pinnu.

Bákan náà, àwọn kan ka iṣẹ́ abẹ sí ìtìjú. Àmọ́ ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 péré nínú ìbímọ 100 ní Nàìjíríà ló jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ìyá 512 ń kú nítorí oyún àti ìbímọ fún ọmọ 100,000 tí wọ́n bá bí láàyè. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ tí iṣẹ́ abẹ ìbá gbà là ni kò rí i ṣe.

Ní ti owó, Mínísítà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ pàjáwìrì yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn aboyún aláìní. Ó yẹ kí ìdílé wádìí bóyá ilé ìwòsàn wọn wà nínú ètò náà, kí wọ́n sì ṣètò ọkọ̀ àti ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ. Ọ̀nà yòówù kí ìbejì gbà wáyé, ohun tí gbogbo ẹbí ń tọrọ ni kí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, kí wọ́n sì gbọ́ ti àwọn ọmọ méjèèjì.