Ìgò Yẹn Kò Yọ́, Ó Kàn Súnkì Ni

Ẹ̀yin ará kíláàsì, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Màmá mi ń ta àkàrà àti ẹ̀kọ mímu láàárọ̀ ní Ìgàndò. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, bọ̀dá awakọ̀ kan gbé ìgò omi oníke wá, wọ́n ní àwọn ò ráyè jókòó, kí màmá mi bu ẹ̀kọ sínú ẹ̀. Ẹ̀kọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. Ìgbákọ kejì ni ìgò súnkì, ó wọ́, ẹ̀kọ sì dà sí bọ̀dá yẹn lọ́wọ́. Ọwọ́ bó. Màmá mi ló sanwó oògùn. Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ń sọ pé ayédèrú ìgò ni, pé ó yọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá yọ́ á di omi, àbí? Ìgò yẹn ò di omi. PET lorúkọ ike tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo ìdí ìgò omi yín, ẹ ó rí nọ́mbà 1 nínú onígun mẹ́ta. PET kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bíi 250°C. Omi tó ń hó ò ju 100°C lọ. Láàárín 70 sí 80 ni wàhálà tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Okùn tíntìntín tó gùn gbọọrọ ló kún inú ike, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bíi Indomie. Indomie tó ti sùn mọ́jú nínú ìkòkò ńkọ́? Ó ti dì gbagidi. Tẹ́ ẹ bá gbé e kaná, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike. Tó bá tutù, àwọn okùn yẹn ò lè rìn, ike á le bíi gíláàsì. Tí ooru bá dé ìwọ̀n kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mira, ike á rọ̀ bíi rọ́bà. Ìyípadà yìí làwọn onímọ̀ ń pè ní glass transition.

Kí ló wá fà á tó fi súnkì? Kí ìgò tó di ìgò, ike kékeré kan bíi ìka ni. Wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i bíi bàlúù, wọ́n á sì jẹ́ kó tutù kíá. Àwọn okùn ẹ̀ wà ní nínà, òtútù ló dè wọ́n mọ́bẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná tú wọn sílẹ̀, wọ́n ń sáré padà sílé. Ọrùn ìgò ni wọn ò nà. Lóòótọ́, nígbà tí mo mú ìgò bọ̀dá yẹn nílẹ̀, ara ẹ̀ ti run pọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ẹ̀ dúró digbí, ìdérí ẹ̀ ṣì ń wọlé.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì gé ara ìgò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, a ki í bọ omi gbígbóná pẹ̀lú tẹmómítà. Ní 60, kò ṣe nǹkan kan. Kó tó di 80, ó ti ká bí ewé gbígbẹ. Ibo gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀? Ojú lásán ò lè sọ ọ́.

Ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ ti wà láti àwọn ọdún 1960, DSC lorúkọ ẹ̀. Àwo kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀, ike bíi mílígíráàmù díẹ̀ wà nínú ọ̀kan, èkejì ṣófo. Ẹ̀rọ á máa mú méjèèjì gbóná bákan náà, á sì máa wo bí ooru tí ọ̀kan ń gbà ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì. Níbi tí okùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mira, ike á máa béèrè ooru púpọ̀ sí i, ìlà orí ìwé á gun àtẹ̀gùn kan.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé ike máa ń gbó. Èyí tó ti pẹ́ nílé ìtajà, okùn inú ẹ̀ ti jókòó pa. Tẹ́ ẹ bá ń mú un gbóná, á gba ooru àfikún kó tó jí, òkìtì kan á sì hù sórí àtẹ̀gùn yẹn, kò ní jẹ́ kí ẹ rí i dáadáa. Nǹkan bí ọdún 1992 ni Mike Reading àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ọgbọ́n sí i. Wọn ò jẹ́ kí ooru gòkè tààrà mọ́. Ó ń lọ bí a ṣe ń ti mọ́tò tó rì sínú ẹrẹ̀: síwájú, sẹ́yìn díẹ̀, síwájú. Ẹ jẹ́ ká ní ó ń fi 2°C gòkè ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó tún ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ láàárín ẹ̀.

Kí ni ìyẹn ń ṣe? Fóòmù tẹ́ ẹ bá tẹ̀, á tún ru padà. Ẹyin tẹ́ ẹ bá sè ò lè padà di tútù mọ́. Ooru tó ń bá ẹ̀rọ lọ tó ń bá a bọ̀ dà bíi fóòmù, inú ẹ̀ ni glass transition wà. Ti gbígbó yẹn dà bí ẹyin, ó lọ, kò padà. Kọ̀ǹpútà á ya méjèèjì sọ́tọ̀, àtẹ̀gùn á wá hàn kedere. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú o: láti 20 dé 150, ó ju wákàtí kan lọ.

Ìpékeré náà ní tiẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá ṣí ọ̀rá ẹ̀ sílẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀, á fa ìwọ̀n ooru tó fi ń rọ̀ wálẹ̀, kò ní run wómúwómú mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbé e kaná.

Ní báyìí, tẹ́nì kan bá gbé ìgò wá, màmá mi á ní kó dúró títí ẹ̀kọ á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bọ̀dá awakọ̀ yẹn padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, fúláàsì ni wọ́n gbé dání. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn, títí dórí ọrùn ìgò. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ayédèrú ni, kí n bu ẹ̀kọ wá.