Ìdánwò Etí fún Ọmọ Tuntun: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Dúró Títí Ọmọ Yóò Fi Sọ̀rọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí òbí fura pé ọmọ kò gbọ́ràn ni pé ọmọ náà ti pé ọdún méjì, síbẹ̀ kò tíì pe ìyá, kò pe bàbá. Àwọn àgbà ilé á ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ó bá di ọdún mẹ́ta, wọ́n á ní olórí kunkun ni. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ máa nà án nítorí pé wọ́n pè é, kò dáhùn. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. A kọ àlàyé yìí kí àwọn òbí àti àwọn tí ó ń retí ọmọ ní ìpínlẹ̀ wa lè mọ ohun tí ìwádìí ìṣègùn ti fi hàn nípa ọ̀rọ̀ yìí, àti bí ó ṣe ṣeé ṣe láti yẹ etí ọmọ wò kí ó tó kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí.

Etí kò mọ sí ihò tí à ń rí. Ohùn a máa gba ihò náà wọlé, a lu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, awọ náà a sì mì bí awọ ìlù. Eegun kéékèèké mẹ́ta ni ó ń gbé mímì náà lọ sínú ohun kan tí ó ká bí ìkarahun ìgbín, tí omi sì kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà, nǹkan bí 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ mímì omi náà di ìsọfúnni tí iṣan etí yóò gbé lọ sí ọpọlọ. Adìyẹ tí ó ń jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa sàn jù wá lọ ní ti èyí: láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn olùwádìí rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì onírun bá kú nínú etí ẹyẹ, òmíràn a hù rọ́pò rẹ̀. Ti ènìyàn kì í hù mọ́.

Láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni ọgbọ́n ìdánwò náà ti wá. Ní ọdún 1948, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ Thomas Gold sọ pé etí kì í kàn gba ohùn wọlé lásán, pé ó ń fi agbára tirẹ̀ kún un, àti pé nítorí náà, ó yẹ kí etí fúnra rẹ̀ lè mú ohùn jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní ọdún 1978, David Kemp, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní ilé ìwòsàn etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ìlú London, fi máíkì kékeré sínú ihò etí, ó mú kí ohùn ṣókí kan dún sínú rẹ̀, máíkì náà sì gbọ́ ohùn mìíràn tí ó ń ti inú etí bọ̀ wá padà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun ni ó ń dáhùn. Nígbà tí ara wọn bá le, wọ́n máa ń jó sí ohùn tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ijó yẹn ni ó sì ń mú ohùn kékeré náà jáde. Etí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú kì í dáhùn.

Ìdánwò tí a ń ṣe fún ọmọ tuntun lónìí kò ju èyí lọ. Nọ́ọ̀sì yóò ki ohun rírọ̀ kan bọ ihò etí ọmọ nígbà tí ọmọ bá ń sùn tàbí tí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ó mu ọmú. Ẹ̀rọ náà yóò dún díẹ̀díẹ̀, yóò sì tẹ́tí sí èsì. Kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀. A kì í gba ẹ̀jẹ̀, a kì í gún abẹ́rẹ́, kò sì sí ìrora nínú rẹ̀. Bí èsì bá sọ pé ọmọ kò yege, ẹ má ṣe sunkún o. Ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì tí a bímọ, omi àti ìdọ̀tí ìbí lè ṣì wà nínú etí, èyí sì lè dí ohùn lọ́nà. A ó tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí kò dára ni kí òbí má padà wá.

Àwọn kan á bèèrè pé kí ni a tún fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, nígbà tí a lè pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ kí a wò ó bóyá yóò ta gìrì. Ìdánwò yẹn ti tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Ọmọ lè rí òjìji ọwọ́, atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lára, ilẹ̀ sì lè mì nígbà tí ilẹ̀kùn bá gbá. Ọmọ mìíràn ń gbọ́ ariwo ńlá ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò gbọ́ràn rárá máa ń sunkún, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń dún lẹ́nu ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ bí ọmọ yòókù.

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà nínú kí a tètè mọ̀ àti kí a pẹ́ mọ̀? Ní ọdún 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ 150 tí wọ́n ní ìṣòro ìgbọ́ràn. Wọ́n ti mọ ìṣòro ti 72 nínú wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Ti àwọn 78 yòókù, ó kọjá oṣù mẹ́fà. Àwọn tí a tètè mọ̀, tí a sì tètè ràn lọ́wọ́, ni èdè wọn dára jù, ìbáà jẹ́ pé ìṣòro wọn kéré tàbí ó pọ̀. Ọpọlọ ọmọ ń kọ́ èdè láti ọjọ́ tí a ti bí i, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kí a ṣe ìdánwò kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí a fi ìdí ìṣòro múlẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ìlú Èkó, Dókítà Bọ́lájọkọ́ Olúsànyà, onímọ̀ ìṣègùn ọmọdé, ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kì í bímọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ọmọ wá gba àjẹsára BCG. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìdánwò lọ sí ibi tí a ti ń gba àjẹsára náà, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 2008 pé ó ṣeé ṣe láti rí àwọn ọmọ tí ó ní ìṣòro ìgbọ́ràn níbẹ̀.

Ó tún ṣiṣẹ́ lórí jọ́ńdíìsì, èyí tí ó máa ń sọ ojú àti awọ ọmọ tuntun di àwọ̀ ìyeyè. A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Jọ́ńdíìsì tí ó bá le lè ba iṣan etí jẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì onírun ṣì wà láàyè. Etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dáhùn ẹ̀rọ tí a ṣàlàyé lókè, yóò sì dà bí ẹni pé ó yege, bẹ́ẹ̀ ohùn kò dé ọpọlọ. Ìdánwò kejì, èyí tí a ń lẹ nǹkan mọ́ orí ọmọ láti wo bí iṣan etí ṣe ń ṣiṣẹ́, ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò. Ẹ bèèrè fún un. Oòrùn àárọ̀ àti omi gúlúkóòsì kò lè wo jọ́ńdíìsì tí ó le. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó wà ní ilé ìwòsàn ni. Ẹ má sì ṣe kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè wa kò ní èròjà tí a ń pè ní G6PD tó, kánfọ̀ sì lè fọ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí jọ́ńdíìsì sì dé lójijì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro ìgbọ́ràn ọmọdé ni ó wá láti ara ohun tí a lè dènà. Èéyi àti lọ́rùnlọ́rùn wà lára wọn, àjẹsára sì wà fún wọn. Abẹ́rẹ́ gentamicin náà wà níbẹ̀: oògùn tí ó ń gba ẹ̀mí là ni lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n ó lè pa sẹ́ẹ̀lì onírun bí a bá gún un jù, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń rà gún lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì.

Bí ó bá wá hàn pé ọmọ kò gbọ́ràn ńkọ́? Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà fún àwọn tí ó ń gbọ́ díẹ̀, iṣẹ́ abẹ wà fún àwọn mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn dókítà ní ìlú Shanghai kéde pé nínú ọmọ mẹ́fà tí wọ́n fún ní ìtọ́jú tí ó ń tún àbùdá inú ara ṣe, márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Irú àìgbọ́ràn kan ṣoṣo tí kò wọ́pọ̀ ni ìtọ́jú náà wà fún. Èdè ọwọ́ kò ná ẹnikẹ́ni lówó púpọ̀, ó sì jẹ́ èdè gidi. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1960. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá tètè kọ́ èdè ọwọ́ yóò ní èdè tí yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín léèrè nígbà tí ẹ bá lọ gba ìtọ́jú oyún bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò etí, tàbí ibo ni wọ́n máa darí yín sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú káàdì àjẹsára ọmọ, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀. Bí ọmọ tí ó yege bá ní lọ́rùnlọ́rùn lẹ́yìn náà, ẹ gbé e padà wá kí a tún etí rẹ̀ yẹ̀ wò.