Fìlà Ọlọ́pàá àti Ẹrù Ọdẹ

Bí ọdẹ bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá, sísin òkú rẹ̀ nìkan kò tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti ṣípà fún un: wọn a kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọn a sun ìrèmọ̀jé, wọn a sì gbé ẹrù náà lọ sínú igbó.

Àṣà yìí ni mo rántí nígbà tí mo ka ìtàn Yvonne Fletcher, obìnrin ọlọ́pàá ẹni ọdún 25, tí a yìnbọn pa láti inú ilé aṣojú ìjọba Líbíyà ní London ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, ọdún 1984, níbi tí ó ti ń ṣọ́ àwọn tí ń fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn ọlọ́pàá dó ti ilé náà fún ọjọ́ púpọ̀, fìlà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni ó lọ gbé e, kí wọ́n lè fi lé orí pósí rẹ̀. Bí èyí kì í bá ṣe ìpà, kí ni à bá pè é?

Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ri òkúta mọ́ ibi tí ó ṣubú sí. Michael Winner, aṣesinimá, ni ó dá ẹgbẹ́ tí ó ṣe é sílẹ̀. Margaret Thatcher, olórí ìjọba, ṣí i ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì, ọdún 1985.

Títí di ọdún 2021, a kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìpànìyàn náà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó pe ọmọ Líbíyà kan lẹ́jọ́ gbà-máà-bínú, ó sì jàre lọ́dún náà. Póùn kan ṣoṣo ni ó béèrè.