Irú Òkúta Tí A Fi Rọ Irinṣẹ́ Àtijọ́: Ọ̀ràn Orúkọ

Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndò yóò bá iyanrìn àti amọ̀ pupa pàdé. Kò ní kan àpáta. Ìdí ni pé orí ìpele iyanrìn tí omi ìgbàanì kó jọ sí etí òkun ni gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wà. Ìhà Abẹ́òkúta ni àpáta líle ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí. Nítorí náà, bí a bá rí àáké òkúta dídán nínú ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé òkúta náà débẹ̀. Láti ibo? A kò lè dáhùn bí a kò bá mọ irú òkúta tí ó jẹ́, a kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí a kò bá ní orúkọ tí ó yà á sọ́tọ̀.

Èdè Yorùbá kò ṣàìní orúkọ. Ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ni ó yàtọ̀ síra. Ẹdùn àrá ni àwọn baba wa ń pe àáké bẹ́ẹ̀, ojúbọ Ṣàngó ni wọ́n sì ń gbé e sí. Ìgbàgbọ́ ni orúkọ yìí ń sọ, kì í ṣe irú òkúta. Ẹdùn àrá kan lè jẹ́ dólẹ́ráìtì, kí òmíràn jẹ́ ámúfíbóláìtì, irú èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta ìbọn. Òkúta tí a ń fi sí ìbọn láyé àtijọ́ ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a gé ní Brandon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kó wá sí Áfíríkà. Bí olùkọ́ bá pe gbogbo òkúta mímú kéékèèké ní òkúta ìbọn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ẹrù oníṣòwò sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìgbàanì.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ihò Eléérú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti wa ilẹ̀ ní 1965. A rí egungun ènìyàn níbẹ̀ tí ó ti lé ní 11,000 ọdún, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ òkúta kéékèèké. Kúọ́tìsì ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì àti kálísídónì wà láàárín wọn. Àáké dídán kò fara hàn àfi ní àwọn ìpele òkè.

Báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀? Èkíní ni líle: ìṣó irin kò lè ha kúọ́tìsì tàbí ṣẹ́ẹ̀tì, àwọn méjèèjì a sì máa ha dígí. Òkúta ẹfun Ewékorò kò le tó bẹ́ẹ̀; ó tún máa ń hó bí ásíìdì bá kàn án. Èkejì ni ẹ̀yọ: ojú lásán rí ẹ̀yọ akọ òkúta, ṣùgbọ́n kò rí ti ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta ni ojú ìfọ́: ti ṣẹ́ẹ̀tì a máa tẹ̀ kòtò bí inú ìkarahun. Ní ti àáké dídán, àwọn onímọ̀ a máa rẹ́ pẹlẹbẹ kan tí ó nípọn ní ìdá 0.03 mílímítà, wọn a sì fi máíkíróskópù wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣó tàbí ásíìdì kan irinṣẹ́ gan-an. Òkúta àdúgbò tí ó jọ ọ́ ni kí a dán wò.

Àbá wa nìyí. Kí akọ òkúta dúró fún gíráníìtì nìkan. Kí òkúta ìbọn dúró fún ti ilẹ̀ òkèèrè. Kí a ya kúọ́tìsì, ṣẹ́ẹ̀tì àti dólẹ́ráìtì lò bí wọ́n ti rí, nítorí àṣìpè léwu ju àyálò lọ. Kí ẹdùn àrá sì dúró ní ipò rẹ̀, kí a máa kọ irú òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹdùn àrá, dólẹ́ráìtì. Èyí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ Ṣàngó, ó sì fún ẹni tí ń wá orírun àáké náà ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.