Ìpadàsẹ́yìn Àṣẹ-inú-ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Àìsàn Ráútà àti Àpótí Ìpamọ́ ní Agbègbè Kosofe

1. Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ìṣòro tí ó máa ń dojú kọ ráútà àti àpótí ìpamọ́ inú ilé nígbà tí a bá sọ àṣẹ tí ń darí wọn di ọ̀tun, tàbí nígbà tí a bá fẹ́ dá a padà sí ti àtijọ́. Firmware ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe àṣẹ yìí. Àṣẹ-inú-ẹ̀rọ ni àwa yóò máa pè é. Òun ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà bí iná bá ti dé ara rẹ̀. Bí ó bá sọnù, ike àti wáyà lásán ni ó kù.

Kosofe ni a fi ṣe òdiwọ̀n nítorí pé ohun méjì pàdé níbẹ̀. Èkíní, ní Ketu, Mile 12 àti Ikosi, ráútà kì í ṣe ohun afẹ́ mọ́: ilé, ṣọ́ọ̀bù àti iléèwé ń lò ó. Èkejì, iná kò dúró sójú kan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni iṣẹ́ pípín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, tí agbègbè yìí sì bọ́ sábẹ́ Ikeja Electric. Síbẹ̀, 'NEPA ti mú iná' ni ará Ketu ṣì ń wí. Ohun tí gbólóhùn kékeré yìí ń sọ ni olórí ọ̀tá ìsọdọ̀tun, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

2. Bí ìsọdọ̀tun ṣe ń bàjẹ́

Nígbà tí a bá fún ráútà ní àṣẹ tuntun, yóò kọ́kọ́ gba fáìlì náà sínú iyè rẹ̀ onígbà díẹ̀, èyí tí kì í pa nǹkan mọ́ bí iná bá lọ. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò pa àṣẹ àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú iyè onígbà pípẹ́, tí yóò sì máa kọ tuntun sí àyè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àárín ìparẹ́ àti ìkọ yìí ni ewu wà. Bí iná bá lọ níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní ti àná, kò sì ní ti òní. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí lórí iná NEPA nìkan. Kí ó lo ínfátà, kí ó sì fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà dípò Wi-Fi.

Ẹ̀rọ tí ó kú báyìí kì í sábà kú tán. Àṣẹ kékeré kan wà ní àyè ọ̀tọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jí ẹ̀rọ. Ìsọdọ̀tun kì í sábà fọwọ́ kàn án. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà TP-Link, bí a bá tẹ bọ́tìnnì reset mọ́lẹ̀ bí a ti ń tan ẹ̀rọ, ajíni yìí yóò wá fáìlì lọ sórí kọ̀ǹpútà tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.0.66, nípa ìlànà tí a ń pè ní TFTP. Bí a bá ti fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì náà, tí a sì sọ fáìlì ní orúkọ tí ẹ̀rọ ń retí gan-an, ẹ̀rọ lè gbà á, kí ó sì jí.

3. Kí a tó padà sẹ́yìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ohun tí ó gbé àgbà ṣubú ni ó ń wá lẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ padà síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀bi tí a ń dì ru àṣẹ tuntun kì í ṣe tirẹ̀. Bí ráútà bá ń kú tí ó ń jí, ẹ wo adápítọ̀ rẹ̀: èyí tí agbára rẹ̀ kò tó ohun tí a kọ sí ìdí ẹ̀rọ a máa fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, ẹ yọ káàdì SIM inú ráútà, kí ẹ fi í sínú fóònù; bí ó bá ń fà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Bí ìwọ̀nyí bá yege, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ètò inú ẹ̀rọ, kí ẹ sì dá a padà sí ipò tí ó wà nígbà tí ó ti iléeṣẹ́ wá, nítorí ètò tí àṣẹ àtijọ́ kọ sílẹ̀ lè má yé àṣẹ tuntun.

Bí àìsàn bá ṣì wà lẹ́yìn èyí, ìgbà náà ni ìpadàsẹ́yìn tó ní ìdí. Ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò:

(a) Ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ráútà v1 àti v2 lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí inú wọn sì yàtọ̀ pátápátá.

(b) Ìpé fáìlì. Bí olùṣe ẹ̀rọ bá kọ iye SHA-256 síta, iye tí kọ̀ǹpútà wa bá kà gbọ́dọ̀ bá a mu.

(d) Ìyọ̀ǹda olùṣe. Àwọn mìíràn ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, nítorí ihò tí olè ń gbà wọlé wà nínú àṣẹ àtijọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Cisco Talos kéde pé kòkòrò VPNFilter ti wọ ẹ̀rọ tí ó tó 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54, ó kéré tán. Ráútà àti àpótí ìpamọ́ wà lára wọn. Ẹni tí ó bá padà sẹ́yìn lè tún irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣí.

4. Ti àpótí ìpamọ́

Ráútà tí ó bàjẹ́, a lè ra òmíràn. Àwòrán ìsìnkú ìyá ẹni kò sí ní ọjà. Ẹrù wa kì í sí nínú ráútà. Ṣùgbọ́n nínú àpótí Synology, lórí háádì dísíkì kan náà tí a kó ẹrù wa sí ni àṣẹ rẹ̀ wà. Bí àṣẹ tuntun bá yí ọ̀nà tí a ń gbà to ẹrù padà, àṣẹ àtijọ́ lè má mọ̀ ọ́n kà mọ́. Synology kò fọwọ́ sí pípadà láti DSM 7 sí DSM 6. Bí ẹ̀rọ bá béèrè bóyá kí òun pa dísíkì rẹ́ kí òun lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun, ẹ má ṣe dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni'. Ẹ pa á, kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀dà ẹrù náà.

Ṣùgbọ́n dídúró sójú kan pẹ̀lú kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní My Book Live ti Western Digital ni ó bá àpótí rẹ̀ ní òfìfo. Láti ọdún 2015 ni olùṣe rẹ̀ ti dáwọ́ ìsọdọ̀tun dúró, ìlà àṣẹ tí ó yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé kí ẹnikẹ́ni tó pa gbogbo ẹrù rẹ́ kò sì ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àjèjì pàṣẹ láti ọ̀nà jínjìn, àpótí sì gbọ́.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé ìpadàsẹ́yìn kì í ṣe ìwòsàn àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe èèwọ̀. Kí a mọ àìsàn, kí a mọ ẹ̀yà ẹ̀rọ, kí iná sì dúró kí a tó fọwọ́ kàn án. Ní ti ẹrù inú àpótí, ẹ̀dà kejì lórí dísíkì tí a kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì fún ilé kọ̀ọ̀kan ní Kosofe ju àṣẹ tuntun àti ti àtijọ́ lọ, nítorí òun nìkan ni ó ṣì wà lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá kùnà.