Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, "Boom", àti Ohun tí Ó Ń Kọ́ Wa

Bí a bá wí pé ìbọn dún gbàù, tàbí pé igi wó lulẹ̀ gbì, etí ni ó kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni boom.

Ìtumọ̀ rẹ̀ èkínní ni ìró ńlá tí ó rinlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àgbá ogun, tàbí ti ìgbì òkun tí ń lu etíkun.

Èkejì ni ti òwò. Láàárín ọdún 1870 sí 1880 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ yìí pe ìgbà tí ọjà ń tà wàràwàrà, tí owó sì ń ya wọlé lójijì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ wọn láti ọdún 1946 títí dé 1964.

Ṣùgbọ́n boom ti ọkọ̀ ojú omi, èyíinì ni ọ̀pá gígùn tí a fi ń na ìgbòkun, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Họ́láǹdì ni èyí ti wá. Igi ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn.

Àwa ará Nàìjíríà mọ boom ti òwò dájú. Lẹ́yìn ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ní October 1973, owó àgbá epo rọ̀bì kan fò sókè láti nǹkan bí dọ́là 3 dé nǹkan bí dọ́là 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974. Ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Udoji. Ọjà sì gbówó lórí tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí ó lé ní 400 dúró ní ẹnu òkun Èkó. Sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ wọn rù, kò sì sí àyè láti já a. Nígbà tí owó epo wálẹ̀, Ààrẹ Shehu Shagari gbé òfin ìṣúnwóná kalẹ̀ ní April 1982.

Àwọn baba wa wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé boom dé sí òwò kan, ìbáà ṣe kókó tàbí ilẹ̀ títà, ẹ rántí pé orúkọ ìró ni. Ìró a sì máa tán. Ẹni tí ó tọ́jú díẹ̀ pamọ́ nígbà tí ó ń dún ni yóò rí jẹ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́.